Ẹ Má Tíì Gbé Ìfági Bàbá fún Oníkóńdẹ́mù

Ìyá kan kọ̀wé sí wa láti Kàdúná. Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ káfíńtà, ti kú láti ọdún mẹ́ta, àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ sì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì títí di òní. Ìfági mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, gbogbo wọn ti dípẹtà. Ọmọkùnrin tó ń ra irin kóńdẹ́mù kiri àdúgbò ti wá wò wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, tòun ti òṣùwọ̀n lọ́wọ́. Àbígbẹ̀yìn ìyá yìí ń kọ́ṣẹ́ káfíńtà lọ́wọ́, ó sì máa gba fíríìdọ̀mù kí ọdún tó parí. Ọ̀gá rẹ̀ ti kọ orúkọ irinṣẹ́ tó gbọ́dọ̀ ní sínú ìwé fún un. Ìbéèrè ìyá náà kò gùn: “Ṣé nǹkan ṣì wà lára irin yìí, àbí kí n tà á?”

Nǹkan wà lára rẹ̀, Ìyá wa. Ẹ má tíì tà á. Ìfági tó wọ́pọ̀ jù, èyí tí àwọn káfíńtà ń pè ní nọ́ńbà 4, kì í wúwo tó kílò méjì. Bí oníkóńdẹ́mù bá gbé e sórí òṣùwọ̀n, owó irin tí kò pé kílò méjì ló máa san, torí pé inú iná ni irin náà ń lọ ní tiẹ̀, wọ́n á yọ́ ọ pọ̀ mọ́ ìkòkò fífọ́ àti ẹ́ńjìnnì tó ti kú. Ṣùgbọ́n lọ́wọ́ ọmọ tó mọ̀ ọ́n lò, irin kan náà á máa fá ilẹ̀kùn, àga àti tábìlì fún ogún ọdún sí i. Ẹ bi ọmọ yín pé èló ni wọ́n ń ta tuntun tó dáa lọ́jà, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ kílò kọ́ lọ̀rọ̀ yìí.

Àwọn kan á ní ẹ̀rọ ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìfági. Òótọ́ ni pé ilé ìlagi ń fi ẹ̀rọ fá pákó, káfíńtà tó lówó sì ní ẹ̀rọ tó ń lo iná. Àmọ́ nígbà òjò, tí ilẹ̀kùn yàrá bá wú tí kò ṣeé tì mọ́, ta ló máa gbé e lọ sí ilé ìlagi? Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fíríìdọ̀mù, irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ló máa kọ́kọ́ fi jẹun: ilẹ̀kùn tó há, dúrọ́ọ̀ tí kò wọlé, ẹsẹ̀ tábìlì tí kò dọ́gba. Kò sì ní dúró de iná mànàmáná kó tó ṣe é.

Mo mú lẹ́tà yìí lọ bá àwọn tó ń fi iṣẹ́ náà jẹun, mo wo bí wọ́n ṣe ń tú ìfági àlòkù àti bí wọ́n ṣe ń tò ó. Nínú ìwé atúmọ̀ èdè, ìfági ni. Ní ṣọ́ọ̀bù, pléènì ni, bí ẹ bá sì sọ pé ìfági, ọmọ iṣẹ́ á kọ́kọ́ wò yín lójú ná. Èmi tó jẹ́ pé ìtumọ̀ èdè ni mò ń ṣe, ìfági ni màá máa lò, torí pé ó sọ iṣẹ́ tó ń ṣe.

Ibi tó ti wá

Ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Leonard Bailey ló gbé irú ìfági onírin yìí jáde ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún. Lọ́dún 1869, ilé iṣẹ́ Stanley tó wà ní ìlú New Britain, ní ìpínlẹ̀ Connecticut, ra ẹ̀tọ́ rẹ̀. Nígbà tó yá, Stanley tún ń ṣe é ní ìlú Sheffield nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìlú yìí kan náà sì ni wọ́n ti ń ṣe èyí tí wọ́n kọ Record sí lára. Bí ẹ bá nu ìpẹtà ẹ̀yìn èèkù kúrò, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ rí Made in England níbẹ̀.

Ìdí tí mo fi sọ ìtàn yìí kì í ṣe ìtàn lásán. Láti ìgbà yẹn, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é kò fi bẹ́ẹ̀ yí pa dà. Nọ́ńbà 4 gùn tó íǹṣì mẹ́sàn-án ààbọ̀, nọ́ńbà 5 gùn tó íǹṣì mẹ́rìnlá, nọ́ńbà 7 tó wà fún pákó gígùn sì tó íǹṣì méjìlélógún. Àmọ́ abẹ nọ́ńbà 4 àti ti nọ́ńbà 5, bákan náà ni fífẹ̀ wọn, íǹṣì méjì ni. Abẹ Record sì máa ń wọ inú Stanley. Nítorí náà, ìfági mẹ́rin tó ti kú lè di méjì tó yè. Ẹ má ṣe sọ pé kò sí ohun tẹ́ ẹ lè fi èyí tó sán ṣe, torí abẹ rẹ̀ lè gba òmíràn là.

Kẹ́ ẹ tó tú u, ẹ wò ó

Ohun tí mo fẹ́ sọ níbí yìí wúlò fún ẹni tí kò jogún ìfági kankan, tó jẹ́ pé ọjà ló ti fẹ́ ra tòkunbọ̀, bóyá Panteka ní Kàdúná tàbí Owódé Onírin l’Ékòó. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì dání àti rúlà onírin. Ẹ má wo ìpẹtà òkè rárá, ìyẹn ò ṣòro. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ wá ni sísán.

Irin tí wọ́n yọ́, tí wọ́n wá dà sínú ohun tó ń fún un ní ìrísí, ni wọ́n fi ṣe ara ìfági. Irú irin bẹ́ẹ̀ le, àmọ́ kì í tẹ̀. Tó bá já bọ́ sórí sìmẹ́ńtì, ṣe ló máa sán. Ibi ẹnu, ìyẹn ihò tí abẹ ń gbà yọ, ló sábà máa ń ṣe é jù, àti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lápá ibẹ̀. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì yẹ ibẹ̀ wò dáadáa. Ẹ fi ìka gbé e sókè, kẹ́ ẹ fi ẹ̀yìn súkúdíráfà rọra lù ú: èyí tó dáa á dún bí agogo kékeré, èyí tó sán á dún bí ìgbà tí wọ́n ń lu agolo. Bí ẹ bá rí ojú wẹ́dà níbẹ̀, ẹ gbé e sílẹ̀. Irú irin yìí kì í gba wẹ́dà bí irin géètì, kódà bó bá mú un, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ á ti wọ́.

Ẹ tún wo súkúrù rẹ̀ bóyá ó pé. Ọ̀pọ̀ ò mọ̀ pé ibi tí ìyà wà nìyí. Eyín súkúrù Stanley yàtọ̀ sí ti súkúrù tí wọ́n ń tà lọ́jà páátì mọ́tò. Bí ọ̀kan bá sọ nù, àfi kẹ́ ẹ yọ ọ́ lára ìfági míì. Àmọ́ tó bá jẹ́ èèkù onígi ló ti fọ́, ẹ lo ìyẹn láti fi já owó rẹ̀ wálẹ̀. Ọmọ káfíńtà tí kò bá lè fi àpá tàbí ọ̀gànwó gbẹ́ èèkù tuntun, iṣẹ́ wo ló ń kọ́?

Lẹ́yìn náà, kan abẹ. Bó bá ti kúrú débi pé ihò gígùn tó wà láàárín rẹ̀ ti fẹ́ kan ẹnu rẹ̀, ó ti parí iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ẹ yí i pa dà, kẹ́ ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ pẹrẹsẹ. Ìpẹtà tó ti jẹ ihò wíńníwínní sí etí ibẹ̀ kò ní jẹ́ kó mú láé, àfi tẹ́ ẹ bá pọ́n ọn kọjá ihò náà.

Títú àti fífọ̀

Ọmọ iṣẹ́ tó gbọ́n á kọ́kọ́ fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀. Ẹ wá gbé apá kékeré tó wà lórí ìdérí sókè, ìdérí á yọ. Abẹ ló wà lábẹ́ rẹ̀, irin míì tó tẹ̀ kọdọrọ sì wà lẹ́yìn abẹ náà tí wọ́n fi súkúrù kan dè é mọ́ ọn. Màá máa pe irin yẹn ní èkejì abẹ. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá yọ àwọn yìí, ẹ ó rí irin dídagun tí abẹ fi ẹ̀yìn tì, tí súkúrù méjì so mọ́ ara ìfági. Àkèré lorúkọ tí òyìnbó sọ ọ́. Ẹ tú òun náà, kẹ́ ẹ yọ ọwọ́ iwájú àti èèkù ẹ̀yìn. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú agolo mílíìkì kí súkúrù kankan má bàa sọ nù.

Bí súkúrù bá kọ̀ tí kò tú, ẹ má fi agbára tú u. Ẹ kán kẹrosíìnì sí i, kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kẹ́ ẹ lù ú díẹ̀díẹ̀ lórí, kẹ́ ẹ wá fi súkúdíráfà tó kún ojú rẹ̀ dáadáa tú u. Súkúdíráfà tó tín-ín-rín ló ń ba ojú súkúrù jẹ́.

Kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì onírin á kó èyí tó pọ̀ jù nínú ìpẹtà kúrò, àmọ́ ẹ jìnnà sí iná, kẹ́ ẹ sì dáàbò bo ojú yín. Ìpẹtà tó ti jinlẹ̀, ẹ rẹ irin náà sínú fíníkà mọ́jú. Tó bá di àárọ̀, ẹ fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ fi omi tó mọ́ ṣan án, kẹ́ ẹ nù ún, kẹ́ ẹ sá a sóòrùn kó gbẹ kanrankanran, kẹ́ ẹ sì fi epo pa á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Irin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú fíníkà máa ń tún dípẹtà kí ẹ tó jẹun tán. Ẹ má rẹ nọ́ọ̀tì onídẹ pọ̀ mọ́ ọn, ẹ má sì gbàgbé irin sínú rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, torí fíníkà tó ń jẹ ìpẹtà ń jẹ irin náà.

Ohun kan wà tí mo rí tó bí mi nínú. Wọ́n gbé ìfági tó dáa wá fún onígíráńdà ní òpópónà kan, ó sì fi ẹ̀rọ rẹ̀ lọ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ títí tó fi ń dán bíi dígí. Dídán ló ń dán, kò pẹrẹsẹ mọ́. Àárín rẹ̀ ti jin, etí rẹ̀ ti yípo. Ẹni tó ni ín sanwó pé kí wọ́n ba nǹkan òun jẹ́. Ẹ má jẹ́ kí gíráńdà kan àtẹ́lẹsẹ̀ ìfági.

Àtẹ́lẹsẹ̀

Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, kò sì le. Ẹ lọ bá àwọn tó ń ṣe wíńdò alúmíníọ̀mù, ẹ ra àjẹkù gíláàsì tó nípọn, tàbí kẹ́ ẹ wá àjẹkù mábù lọ́wọ́ àwọn tó ń tẹ́ ilẹ̀ ilé. Ẹ tẹ́ ẹ sórí tábìlì tí kò mì. Ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ sáńpépà irin mọ́ ọn, nọ́ńbà 80 ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wá to ìfági pa dà, abẹ àti ìdérí wà nípò wọn bíi pé ẹ fẹ́ ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ fa abẹ sẹ́yìn kó má yọ síta. Ọ̀pọ̀ ló ń fo ibí yìí. Bí ìdérí ṣe ń tẹ abẹ mọ́lẹ̀, ó ń fa ara ìfági díẹ̀. Èyí tó pẹrẹsẹ láìsí abẹ nínú lè má pẹrẹsẹ tí abẹ bá wọlé.

Ẹ fi máákà fa ìlà kọdọrọ-kọdọrọ sí gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ wá fi ọwọ́ méjèèjì tì í lọ, kẹ́ ẹ fà á bọ̀ lórí sáńpépà, ìgbà mẹ́wàá péré. Ẹ yí i pa dà wò. Ibi tí ìlà ti pa rẹ́ ló ga, ibi tí ìlà ṣì wà ló jin. Ẹ tún fa ìlà, kẹ́ ẹ máa bá a lọ. Ibi mẹ́ta péré ló gbọ́dọ̀ kan sáńpépà: etí iwájú, ibi tó wà níwájú ẹnu gan-an, àti ìpẹ̀kun ẹ̀yìn. Bí àárín wọn bá jin díẹ̀, kò dí yín lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ bọ́ sí nọ́ńbà 120, kẹ́ ẹ fi 240 parí rẹ̀. Káfíńtà àgbà kan tí mo bá níbi iṣẹ́ sọ fún mi pé, “Ọmọ mi, igi ò ní wo ojú ẹ̀ nínú rẹ̀, kí lo fẹ́ kó máa dán fún?” Wákàtí kan lè tó, ó sì lè gba ọ̀sán kan tó bá ti wọ́ gan-an. Tó bá ju ìyẹn lọ, ó sàn kẹ́ ẹ lọ wá òmíràn.

Nígbà tẹ́ ẹ bá ń dá àkèré pa dà, ẹ há ìdọ̀tí kúrò lábẹ́ rẹ̀, ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ láti wò ó bóyá ó ń mì. Àkèré tó ń mì ló ń jẹ́ kí abẹ máa gbọ̀n lórí igi líle, tí ojú igi á wá ní àmì wẹ́wẹ́ bí ara àkàbà. Fún iṣẹ́ tó ń fẹ́ kójú igi jọ̀lọ̀, ẹ sún un síwájú kí ẹnu rẹ̀ há.

Èkejì abẹ ni àṣírí igi ilẹ̀ wa

Bẹ́ ẹ bá rántí ohun kan ṣoṣo nínú gbogbo ohun tí mo kọ, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ibí yìí. Ẹjọ́ tí àwọn ọmọ iṣẹ́ sábà máa ń rò nípa ìfági àlòkù ni pé ó ń há, tàbí pé ó ń fa igi ya dípò kó fá a. Wọ́n á ní abẹ ni kò dáa. Lọ́pọ̀ ìgbà, èkejì abẹ ni.

Ẹ to abẹ àti èkejì rẹ̀ pọ̀, kẹ́ ẹ gbé wọn sókè sí ìmọ́lẹ̀. Bẹ́ ẹ bá rí ìmọ́lẹ̀ láàárín wọn níbi etí, àfáyọ igi á máa wọ ibẹ̀, á sì dí ẹnu ìfági pa. Ẹ tú wọn, kẹ́ ẹ gbé etí èkejì abẹ sórí òkúta ìpọ́nbẹ, kẹ́ ẹ jẹ́ kí ẹ̀yìn rẹ̀ wà nísàlẹ̀ díẹ̀ ju ojú òkúta lọ, kẹ́ ẹ máa fà á síwá sẹ́yìn títí etí rẹ̀ á fi lẹ̀ mọ́ abẹ pátápátá. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni.

Èyí tó kù ni bó ṣe yẹ kó jìnnà sí ẹnu abẹ. Fún igi rírọ̀ bí àrère, tàbí tẹ́ ẹ bá kàn fẹ́ tètè rẹ pákó sílẹ̀, mìlímítà kan ààbọ̀ sí méjì dáa. Àmọ́ ìrókò àti ọ̀gànwó yàtọ̀. Iṣan igi wọn kì í lọ síbì kan: èyí tó wà lápá òsì á dagun sókè, èyí tó tẹ̀ lé e á dagun sísàlẹ̀. Bí ẹ bá fá a lọ sápá ibí, apá kan á jọ̀lọ̀, apá kejì á ya. Bí ẹ bá yí i pa dà, ẹjọ́ kan náà ni. Kí ni kẹ́ ẹ ṣe? Ẹ sún èkejì abẹ síwájú títí tó fi ku nǹkan bí ìdajì mìlímítà sí ẹnu abẹ. Bí àfáyọ bá ti ń gòkè, èkejì abẹ á tètè ká a, kò sì ní lè fa igi ya. Ọ̀pọ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà ti fi sáńpépà bo àléébù tí súkúrù kan ṣoṣo ì bá ti mú kúrò.

Ìrókò tún ní ìwà míì. Ó máa ń kó nǹkan líle bí òkúta ẹfun sínú ara rẹ̀, abẹ tó bá sì kàn án á kú lójijì. Igi tíìkì náà máa ń tètè pa abẹ, torí ó ní ohun tó dà bí iyanrìn nínú. Torí náà, bí abẹ bá kú lórí ìrókò, ẹ má tíì bínú sí irin. Ẹ pọ́n ọn. Kẹ́ ẹ sì bo imú tẹ́ ẹ bá ń fi sáńpépà ha ìrókò, eruku rẹ̀ máa ń yọ ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu.

Pípọ́n abẹ

Ẹ̀yìn abẹ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mójú tó, kì í ṣe iwájú. Ẹ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ sórí òkúta, kẹ́ ẹ fà á títí íǹṣì kan tó kángun sí ẹnu rẹ̀ á fi máa dán láìkù síbì kan. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ máa ṣe èyí láyé abẹ náà.

Iwájú tó dagun ló kàn. Digrí 25 ni wọ́n sábà máa ń lọ̀ ọ́ sí, wọ́n á wá fi òkúta pọ́n etí rẹ̀ gan-an ní 30. Kò sẹ́ni tó ń gbé ohun ìdiwọ̀n digrí kiri ṣọ́ọ̀bù, àmọ́ ọgbọ́n kan wà: bí gígùn ibi tó dagun bá jẹ́ ìlọ́po méjì nínípọn abẹ, 30 nìyẹn; tó bá fi díẹ̀ ju ìlọ́po méjì lọ, 25 ni. Bí ẹ bá fẹ́ lo ẹ̀rọ, ẹ gbé omi sítòsí, kẹ́ ẹ máa ki abẹ bọ̀ ọ́ ní gbogbo ìgbà. Bí etí rẹ̀ bá ti di àwọ̀ búlúù, agbára ti kúrò níbẹ̀, kò sì sí bẹ́ ẹ ṣe máa pọ́n ọn tó máa pẹ́. Ẹ ní láti lọ ibi tó di búlúù yẹn dà nù.

Ẹ máa pọ́n ọn lórí òkúta títí ẹ ó fi fi ìka mọ̀ pé irun irin kékeré ti ká sẹ́yìn látòkè délẹ̀. Irun yẹn ni ẹ̀rí pé ẹ ti dé etí. Ẹ yí abẹ pa dà, kẹ́ ẹ fa ẹ̀yìn rẹ̀ pẹrẹsẹ lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì kí irun náà já, kẹ́ ẹ sì fi awọ bẹ́líìtì àlòkù nù ún. Ẹ fi ọwọ́ tẹ igun rẹ̀ méjèèjì díẹ̀ ju àárín lọ nígbà tẹ́ ẹ bá ń pọ́n ọn, kí igun má bàa máa fa ìlà sójú tábìlì oníbàárà. Ẹ fi gé orí pákó àrère wò, ibi tí iṣan ti gé. Bó bá gé e tó mọ́ láìfọ́, ó mú. Àwọn kan ń fi irun apá dán an wò, ìyẹn náà ń ṣiṣẹ́, àmọ́ mi ò ní sọ pé kí ọmọ ọlọ́mọ ṣe é.

Títò ó àti lílò ó

Ẹ to gbogbo rẹ̀ pa dà. Súkúrù tó di ìdérí mú kò gbọ́dọ̀ le jù. Kí apá kékeré náà ṣeé tẹ̀ sílẹ̀ láìfi òòlù lù ú, kí abẹ má sì ṣeé fi ọwọ́ lásán tì. Ẹ dorí ìfági kodò, kẹ́ ẹ wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ látiwájú bí ẹni tó ń wo ìbọn. Ẹ yí nọ́ọ̀tì idẹ tó wà lẹ́yìn títí abẹ á fi yọ bí okùn dúdú tín-ín-rín. Bó bá yọ lápá kan ju ìkejì lọ, ọ̀pá kékeré tó wà lókè àkèré lẹ máa fi tún un ṣe. Ẹ wá dá abẹ pa dà sínú, kẹ́ ẹ máa fá pákó, kẹ́ ẹ sì máa yí nọ́ọ̀tì díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í mú nǹkan. Nígbàkigbà tẹ́ ẹ bá fa abẹ sẹ́yìn, ẹ rántí yí i síwájú díẹ̀ kẹ́ ẹ tó ṣiṣẹ́, torí nọ́ọ̀tì náà ní àyè nínú, abẹ sì lè sún sẹ́yìn mọ́ yín lọ́wọ́.

Ẹ fi àbẹ́là lásán ya ìlà kan tàbí méjì sí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí kò bá ṣe é rí kò ní gbà pé ìfági kan náà ni. Agbára tí apá ń lò máa dín kù gan-an, ìyẹn sì ṣe pàtàkì fún ọmọ tó máa fá ilẹ̀kùn márùn-ún lójúmọ́.

Ìyá wa, mo dábàá pé kí ẹ má ṣe gbé iṣẹ́ yìí fún ẹlòmíì. Ẹ kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lé ọmọ yín lọ́wọ́. Kó fi èyí tí kò wúlò jù kọ́ títú àti títò, kó tó kan èyí tó dáa. Ọ̀gá rẹ̀ á mọ èyí tó ti sán nínú wọn, ìyẹn nìkan ni oníkóńdẹ́mù lè gbé, lẹ́yìn tí ọmọ bá ti yọ abẹ, súkúrù àti nọ́ọ̀tì idẹ kúrò lára rẹ̀. Kó sì kọ orúkọ bàbá rẹ̀ sára èèkù kó tó gbé e lọ síbi iṣẹ́, torí ní ṣọ́ọ̀bù, irinṣẹ́ tó mú máa ń ní ẹsẹ̀.

Ní ti ìtọ́jú, bó bá parí iṣẹ́, kó fi ẹ̀gbẹ́ tẹ́ ẹ sórí igi, kó má gbé e lé sìmẹ́ńtì tàbí irin. Kó fi àkísà tí epo ẹ̀rọ wà lára rẹ̀ nu gbogbo ara rẹ̀, torí òógùn ọwọ́ nìkan tó láti mú ìpẹtà wá. Àwọn tó ń gbé l’Ékòó, Warri tàbí Port Harcourt, níbi tí atẹ́gùn òkun ti tutù, kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ní Kàdúná, nígbà ọyẹ́, wàhálà míì ló wà: èèkù onígi á gbẹ, á sún kì, súkúrù rẹ̀ á sì dẹ̀. Kó rọra fún un, kó má fún un pa, torí nígbà tí òjò bá pa dà dé tí igi náà wú, èyí tó le jù máa ń sán.